Kí Ẹ Tó Wá Ibùsùn ní Èkó, Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ibi Tí Mọ́tò Yóò Sùn

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí pé òǹkọ̀wé bẹ̀ mí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi díẹ̀ nínú ìwé náà hàn yín, torí pé ọ̀rọ̀ tí ó kọ síbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ohun tí ó sọ nìyí:

“Bàbá, ẹ kú ìmọ̀ràn. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní Èkó. Èmi fẹ́ ra ọjà ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà. Olùkọ́ ni bàbá àwọn ọmọ mi, ó fẹ́ lọ bá àwọn tí ń tẹ̀wé ní Ṣómólù nítorí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Láti ìgbà tí mo ti ń ná Èkó, bọ́ọ̀sì ni mo máa ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ yá bàbá àwọn ọmọ mi lówó, ó sì ra mọ́tò. Ó ní mọ́tò náà ni a ó gbé lọ, kò gbọ́, kò gbà. Mo bi í pé níbo ni a ó sùn, ó ní ilé ìtura kún Èkó. Mo bi í pé níbo ni mọ́tò yóò wà, ó ní ṣé àwọn ará Èkó kì í gbé mọ́tò ni? Bàbá, bí nǹkan bá ṣe mọ́tò yìí, owó ọjà mi ni a ó fi tún un ṣe. Ẹ bá wa dá sí i, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó mọ̀ pé èmi ni mo kọ̀wé.”

Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Olùkọ́ tí ó ra mọ́tò, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń ta aṣọ, wọ́n pọ̀ bí ewé ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí baálé yín bá tilẹ̀ ka ojú ewé yìí, yóò rò pé ará ìlú mìíràn ni mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ìbéèrè méjì ni ẹ bi baálé yín, ìbéèrè kejì ni ó sì yẹ kí ó ṣáájú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé mọ́tò lọ sí Èkó a máa ronú ibi tí òun yóò sùn. Ẹni tí ń ronú ibi tí mọ́tò yóò sùn kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn lè sùn lórí ẹní, ó lè sùn lórí àga, ó lè rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú yàrá àbúrò rẹ̀. Mọ́tò kò lè ká ara rẹ̀ kò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Kì í ṣe pé ẹnìkan ni ó sọ èyí fún mi. Ojú mi ni ó rí i. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì ń ta ìwé ilé-ẹ̀kọ́, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gbé mọ́tò rẹ̀ lọ sí Èkó láti lọ ra ìwé fún ìwọlé ọmọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó wọ ìlú. A wá ilé ìtura tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ní Erékùṣù, kí a lè sún mọ́ ọjà, a sì rí ọ̀kan. Yàrá mọ́ tónítóní. Inú wa dùn pé a gbọ́n.

A bi akọ̀wé wọn léèrè ibi tí a ó gbé mọ́tò sí. Ó nawọ́ sí ìta, ó ní, “Ẹ gbé e síwájú ibẹ̀ yẹn, kò sí ewu.” Bí a ti gbé e síbẹ̀ ni ọmọkùnrin kan yọ láti inú òkùnkùn, ó ní kí a mú owó wá, òun yóò máa ṣọ́ ọ di òwúrọ̀. A fún un. Kò fún wa ní ìwé kankan, àwa náà kò sì béèrè.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mọ́tò ti lọ. Ọ̀rẹ́ mi figbe ta pé olè ti gbé e. Obìnrin kan tí ń ta búrẹ́dì ni ó ṣàánú wa, ó ní kì í ṣe olè, ọkọ̀ ìjọba tí ń wọ́ mọ́tò ni ó wá wọ́ ọ lọ ní kùtùkùtù. Ó wá fi àmì kan hàn wá lára ògiri, ó ní àmì náà ń sọ pé mọ́tò kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀. Àmì náà ti wà níbẹ̀ ní alẹ́ àná. Òkùnkùn ni kò jẹ́ kí a rí i.

Odindi ọjọ́ kan ni a fi wá ibi tí wọ́n wọ́ ọ lọ. A san owó ìtanràn, a san owó wíwọ́, a tún san owó ibi tí ó sùn. Ọmọkùnrin tí ó gba owó lọ́wọ́ wa kò sí níbẹ̀ mọ́. Akọ̀wé ilé ìtura ní òun kò sọ pé kí a gbé e síbẹ̀. Nígbà tí a ṣírò owó tó kù, ìdajì ìwé tí a wá rà ni ó ká. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ méjì ní ìlú wa wọlé ní sáà náà láìní ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe nítorí pé òbí wọn kò san owó. Wọ́n ti san án. Èmi ni mo ná an sórí mọ́tò.

N kò bá ẹnikẹ́ni wí o. Òfin ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń tẹ̀ lé. Èmi ni mo lójú tí n kò fi ríran, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àlejò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ ọgbọ́n tí mo fẹ́ fún yín yìí.

ÌDÍ TÍ ÈKÓ FI RÍ BẸ́Ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ìlú náà ṣe rí. Erékùṣù Èkó, níbi tí Balógun, Ìdúmọ̀tà àti Òkè-Àrìn wà, kò tóbi, omi sì yí i ká. Púpọ̀ nínú àwọn òpópónà rẹ̀ ti wà kí mọ́tò tó pọ̀ nílẹ̀ wa. Afárá mẹ́ta ni ó so ó pọ̀ mọ́ apá kejì omi, níbi tí Yábàá, Èbúté-Mẹ́ta, Súrùlérè àti Ìkẹjà wà. Àwọn náà ni Afárá Carter, Afárá Èkó, àti Afárá Kẹta tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990. Láàárọ̀, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn a máa gba orí afárá wọ̀nyí wọ Erékùṣù. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a máa gba ibẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá gbé mọ́tò sí àárín wọn, yóò jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ títí tí ọjà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú.

Nígbà tí ó bá sì dé Erékùṣù tán, kò ní rí ibi gbé e sí. Ibi tí ó bá ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí ó fi ṣófo ní ìlú tí àyè ti ṣọ̀wọ́n bí ojú. Bóyá ìjọba kò fẹ́ kí mọ́tò dúró níbẹ̀ ni. Bóyá iwájú ṣọ́ọ̀bù olówó kan ni. Bóyá àwọn ọmọ àdúgbò kan ni ó ti sọ ọ́ di ti wọn.

Nítorí náà, gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ rántí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi òní ni pé mọ́tò yín kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ní Erékùṣù. Ẹ sùn sí apá kejì omi, ẹ fi mọ́tò sí àgbàlá tí ó ní gèètì, kí ẹ wọ ọkọ̀ èrò tàbí ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọjà.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Láti ìgbà tí rélùwéè ti so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ní ọdún 1901 ni oníṣòwò láti òkè ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní apá ibẹ̀ yẹn, wọn a sùn sí ilé ará ilé wọn, wọn a sì rìn wọ ọjà láàárọ̀. Mọ́tò ni ó jẹ́ kí a gbàgbé.

ADÚGBÒ TÍ Ó YẸ FÚN YÍN

Fún ìrìn àjò irú èyí tí ìyá wa sọ, Yábàá àti Èbúté-Mẹ́ta ni mo yàn. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ èrò tí ń lọ sí Ìdúmọ̀tà àti CMS kì í wọ́n níbẹ̀. Ṣómólù tí baálé yín fẹ́ lọ kò jìnnà sí Yábàá. Ọjà Tejúoṣó náà wà níbẹ̀, bí ìyá wa bá fẹ́ wo aṣọ síwájú sí i.

Súrùlérè náà dára, pàápàá bí ilé tí ẹ rí kò bá jìnnà sí Ìgànmú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ìjọba Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line, bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Mile 2 dé Màrínà. Ó ní ibùdó kan ní Gbọ̀ngàn Eré ti Orílẹ̀-èdè tí ó wà ní Ìgànmú. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ níbẹ̀ yóò kọjá lórí omi lọ sí Màrínà láìbá mọ́tò kankan du ọ̀nà, láti ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ lè gbé e dé Balógun.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sùn sí Ìkẹjà tàbí Agége, ẹ kò ṣì í. Ọkọ̀ ojú irin kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Red Line, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ó ń ti Àgbàdo bọ̀, ó ń gba Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mùṣín àti Yábàá kọjá, ó sì ń parí ìrìn rẹ̀ sí Òyìngbò. Láti Òyìngbò, ọkọ̀ èrò yóò gbé yín kọjá sí Erékùṣù. Ẹ kò lè fi owó ọwọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin méjèèjì yìí o. Káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Cowry ni ẹ ó rà, tí ẹ ó sì máa fi owó sí. Ẹ rà á ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ má ṣe máa tò lórí ìlà ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Kí ẹ sì béèrè àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń lọ bí dáńfó.

ÌBÉÈRÈ MÉJE

Nígbà tí ẹ bá ti mọ àdúgbò, ẹ wá nọ́ńbà ilé ìtura mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ pè wọ́n láti ilé. Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ṣìnà. Ẹ kọ ìbéèrè méje wọ̀nyí sínú ìwé, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ohùn dídùn akọ̀wé mú yín gbàgbé ọ̀kan:

1. Ṣé inú àgbàlá yín ni mọ́tò ń sùn, àbí ìta? Bí wọ́n bá dáhùn pé “àyè wà,” ẹ tún un bi wọ́n. Àyè lè wà ní ìta.

2. Mọ́tò mélòó ni àgbàlá náà gbà, ẹ ó ha fi àyè kan pa mọ́ fún mi bí? Ilé tí ó ní yàrá ogún, tí àgbàlá rẹ̀ gba mọ́tò márùn-ún, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó ni àyè.

3. Ṣé ẹ máa ń to mọ́tò dí ara wọn? Bí mọ́tò ẹlòmíràn bá dí tiyín, tí ẹ sì fẹ́ gbéra ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, ẹ ó máa kan ilẹ̀kùn àwọn tí ń sùn kiri ni.

4. Ṣé ọlọ́dẹ wà níbẹ̀ ní òru àti ní ọ̀sán? Olè kì í ṣe ti òru nìkan.

5. Agogo mélòó ni wọ́n ń ti gèètì àdúgbò yín? Ọ̀pọ̀ òpópónà Èkó ni àwọn onílé fi gèètì sí, tí wọ́n ń tì í bí òru bá jìn. Ẹni tí ó bá pẹ́ yóò rí ilé ìtura rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì ní lè dé ibẹ̀.

6. Èló ni gbogbo rẹ̀ fún alẹ́ kan? Ẹ tẹnu mọ́ “gbogbo rẹ̀.” Ṣé owó orí ìjọba wà nínú rẹ̀? Ṣé oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀? Ṣé owó kan tún wà tí ẹ ń gbà fún mọ́tò?

7. Wákàtí mélòó ni jẹnẹrétọ̀ yín ń ṣiṣẹ́? Ẹni tí kò sùn nítorí ooru kò lè ná ọjà dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Iye tí n ó pè yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, kí ẹ má mú un lọ bá ẹnikẹ́ni. Kí a sọ pé ilé ìtura kan ń gba náírà 15,000 fún alẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò ní àgbàlá. Fún alẹ́ mẹ́ta, ó di 45,000. Ẹ ó san 4,000 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí ó ní àgbàlá nítòsí, ìyẹn 12,000. Ẹ ó fún ọlọ́dẹ rẹ̀ ní 1,000 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 3,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60,000. Ilé kejì ń gba 18,000, ó ní àgbàlá, ó ní gèètì. Fún alẹ́ mẹ́ta, ó di 54,000. Ẹ fún ọlọ́dẹ ní 2,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di 56,000. Ilé tí ó dà bí ẹni pé ó pọ́n ni ó dín ní 4,000, oorun yín sì pé. Ìyá wa, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò ọjà, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára aṣọ ni aṣọ ń tà.

Yàtọ̀ sí ilé ìtura, ẹ má gbàgbé àwọn ilé àlejò. Àwọn ìjọ Kristẹni kan ní ilé àlejò ní Èkó, níbi tí ariwo kò sí, tí àgbàlá sì máa ń fẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì Èkó ní Akọka náà ní ilé àlejò, Akọka kò sì jìnnà sí Yábàá àti Ṣómólù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yín. Bí ẹgbẹ́ bá mọ ilé kan tí wọ́n ti ń sùn sí nígbà ìpàdé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá yín sọ ọ́ ní iye tí kò ga.

NÍTORÍ ẸBÍ

Ẹnìkan yóò sọ pé, “Kí ni mo ń wá lọ sí ilé ìtura nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà ní Èkó?” Ó dára. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀gbọ́n yín lè máa gbé yàrá kan tàbí méjì pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, nínú ilé tí agbo ilé mẹ́jọ ń lo ilé ìwẹ̀ kan. Ẹ pè é ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ má yọ sí i lójijì. Ẹ gbé iṣu àti gàrí lọ́wọ́, kí ẹ sì fi nǹkan sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń lọ. Alẹ́ kan tàbí méjì ti tó.

Kí ẹ sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ mọ́tò kí ẹ tó kúrò nílé. Àgbàlá náà kì í ṣe tirẹ̀, ti onílé ni. Bí ẹ bá gbé mọ́tò dí àwọn ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin yóò padà sí ìlú yín, òun ni wọn yóò máa bá jà.

ẸNI TÍ Ń TA YÀRÁ TÍ KÒ NÍ

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ní ayé òní, ènìyàn lè rí àwòrán yàrá lórí fóònù rẹ̀ kí ó sì san owó rẹ̀ láti ìlú rẹ̀. Ó rọrùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ olóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń jí àwòrán yàrá ẹlòmíràn, tí wọ́n ń ta yàrá tí kò sí. Wọn a ní kí ẹ tètè san án nítorí pé ẹlòmíràn ti fẹ́ gbà á. Wọn a ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí orúkọ ènìyàn kan, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́. Ẹ ó dé àdúgbò náà, ẹ ó rí i pé ilé tí wọ́n júwe, ṣọ́ọ̀ṣì ni, tàbí ilẹ̀ òfo.

Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí ìbátan ní Èkó, ẹ rán an lọ wo ilé náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹnikẹ́ni, ilé tí ó bá gbà pé kí ẹ san owó nígbà tí ẹ bá dé ni kí ẹ yàn. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n gba owó ìdúró lọ́wọ́ yín, tí wọ́n ní àwọn yóò dá a padà bí ẹ kò bá ba nǹkan jẹ́, ẹ gba rìsíìtì rẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán yàrá náà ní ọjọ́ tí ẹ wọlé. Ilé irú èyí ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ṣọ́ọ̀tù-lẹ́ẹ̀tì.

ỌJỌ́ ÀTI WÁKÀTÍ

Ẹ má ṣe wọ Èkó ní alẹ́ pẹ̀lú mọ́tò tí ẹ kò tíì mọ̀ dáadáa. Ẹ gbéra ní òwúrọ̀, kí ẹ lè dé kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ lè rí àmì ara ògiri tí èmi kò rí. Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ Jímọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, nítorí pé àwọn ìjọ Ìràpadà máa ń ṣe ìsìn òru ńlá ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà a sì máa kún. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà, ẹ pe ilé ìtura ṣáájú dáadáa, nítorí pé àwọn ọmọ wa tí ń ti òkè òkun bọ̀ a máa gbé iye rẹ̀ sókè. Ẹ má sì fi ọjọ́ Àìkú ṣe ọjọ́ ọjà Erékùṣù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni kì í ṣí.

Bí ó bá di dandan kí mọ́tò dúró níbìkan ní ọ̀sán, ẹ wá ibi tí wọ́n ń gba owó tí wọ́n sì ń fún ni ní rìsíìtì. Ìjọba Èkó ní ilé iṣẹ́ kan tí ń bójútó ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí, LASPA ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ yín láìsí ìwé, ẹ̀bùn ni ẹ ta á. Kí bàbá olùkọ́ sì gbọ́ èyí pẹ̀lú: bí ó bá ṣi ọ̀nà, kí ó máa lọ síwájú títí yóò fi rí ibi yí padà. Kí ó má ṣe kọjú sí ọ̀nà tí mọ́tò ń bá bọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìrìnnà Èkó, ìjọba lè gba mọ́tò ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pátápátá. “Àlejò ni mí” kì í gba ènìyàn sílẹ̀.

Ní ti ẹrù, ìyá wa mọ èyí jù mí lọ. Kí ó fi aṣọ rán ọkọ̀ ẹrù tí ń lọ sí ìlú rẹ̀ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ó gba ìwé ẹrù àti nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà. Kò pọn dandan kí mọ́tò kékeré náà rù ú.

Ọ̀NÀ KEJÌ

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn rò. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Moníyà ní Ìbàdàn lọ sí Èbúté-Mẹ́ta ní Èkó, ó ń gba Abẹ́òkúta kọjá. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Ìbàdàn, ẹ gbé mọ́tò lọ sí ọ̀dọ̀ wọn, kí ó sùn sí àgbàlá wọn fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ̀yin wọ ọkọ̀ ojú irin. Alágòméjì ní Èbúté-Mẹ́ta ni ẹ ó ti sọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ Yábàá tí mo ti sọ fún yín. Nígbà náà, ẹ kò ní bi ilé ìtura ní ọ̀rọ̀ àgbàlá rárá, ilé tí owó rẹ̀ kéré yóò sì tó yín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kì í gbéra nígbà gbogbo, nítorí náà kí ẹ mọ àkókò rẹ̀, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì yín ṣáájú.

ỌKÙNRIN SÍ ỌKÙNRIN

Bàbá olùkọ́, ibikíbi tí ẹ bá wà, mo kí yín. Mo mọ ohun tí ó ń ṣe yín, nítorí pé ó ti ṣe èmi náà. Ènìyàn tí ó fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí ó ń wọ ọkọ̀ èrò, tí ó wá ra mọ́tò tirẹ̀, ó fẹ́ kí Èkó rí i. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Èkó kò wo ẹnikẹ́ni. Mọ́tò tí ó ju tiyín lọ ń kọjá níbẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, kò sí ẹni tí ń yí ọrùn. Ìlú yín ni wọ́n ti ń wo mọ́tò yín, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé ti ń sáré tẹ̀ lé e. Kí iyì yín lè pé, kí mọ́tò náà bá yín padà délé láìní àpá, kí gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ má di méjì.

Kí ẹ sì rántí owó ọjà ìyá ilé. Owó náà ni ó ń bọ́ yín nígbà tí owó oṣù bá pẹ́. Bí ó bá bi yín pé níbo ni mọ́tò yóò sùn, kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń ṣọ́ ilé ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé mìíràn, ẹ kọ̀wé sí mi. Èwo nínú yín ni ó mọ àgbàlá tí ó dára ní Yábàá tàbí Súrùlérè? Ta ni ojú rẹ̀ rí irú èyí tí ojú mi rí? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ máa wọlé o, kí ẹ sì ti gèètì.